Asùnwọ̀n, Rérè àti Kàsíà: Ìdílé Kan, Ìwà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀



Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti ń mú, ni asùnwọ̀n òyìnbó ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ onílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Etí omi ló fẹ́ràn. Ewé wẹ́wẹ́ rẹ̀ to ara wọn ní méjì-méjì, tí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, wọn a pa ara wọn dé. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè nà ró bí àbẹ́là. Èso rẹ̀ gùn, ó sì ní ìyẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwọn ìyá wa a máa gún ewé tútù rẹ̀, wọn a fi pa làpálàpá. Wọn ò ṣìnà rárá. Ẹ̀dá kan tó jẹ́ ẹbí olú ló ń hù sí awọ ara tó ń fa làpálàpá, èròjà tí wọ́n ń pè ní chrysophanol sì wà nínú ewé yìí tó ń bá a jà. Ní ilẹ̀ Philippines, akapulko ni wọ́n ń pe igi yìí. Ó wà lára ewé mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba wọn fọwọ́ sí ní 1992, wọ́n sì ń fi ṣe ọṣẹ. Inú mi ì bá dùn bí tiwa náà bá débẹ̀.

Mímu rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Èròjà tó ń mú ni yàgbẹ́ nínú asùnwọ̀n kì í ṣiṣẹ́ nínú ikùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣiṣẹ́ nínú ìfun kékeré. Ó di ìgbà tó bá dé ìfun ńlá, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ bá tú u palẹ̀, kó tó jí. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ló máa ń gbà kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó mu ife kan lálẹ́, tí kò rí nǹkan kan lẹ́yìn wákàtí kan, tó tún bu òmíràn mu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò burú kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ má fún aboyún, ẹ má fún ọmọdé.

Rérè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú yín ń fi ewé rẹ̀ se àgbo ibà. Àwọn kan níbòmíràn ń yan kóró rẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń mu ún bíi kọfí. Ṣùgbọ́n kóró náà ní tútù, májèlé ni. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Uttar Pradesh ní Íńdíà, àwọn ọmọ kéékèèké ń kú lọ́dọọdún nígbà kan. Àwọn èèyàn rò pé àrùn ọpọlọ kan tó ń ràn ni, títí àwọn dókítà bíi Vipin Vashishtha àti T. Jacob John fi rí i pé kóró rérè tí àwọn ọmọ náà ń já jẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ló ń bá ẹ̀dọ̀, ẹran ara àti ọpọlọ wọn jà. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé rérè kún ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú. Ẹ fà á tu níbi tí ọmọdé bá ti ń ṣeré.

Kàsíà tó ń ṣíji bo ọgbà ilé ìwé wa, láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni. Ní Thailand, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi ewé rẹ̀ sè, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù. Nígbà tí àwọn kan sọ ewé gbígbẹ tí wọn ò bọ̀ di oògùn oníhóró fún oorun, ẹ̀dọ̀ àwọn tó lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wọ́n gbìn ín ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n gbin oúnjẹ sáàárín, wọ́n sì gé ẹ̀ka rẹ̀ bo ilẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n kàsíà kì í so kókó lẹ́gbòó bí ẹ̀wà, nítorí náà kò lè fa nitrogen inú afẹ́fẹ́ wá fún ilẹ̀.

Abẹ́ orúkọ kan, Cassia, tí Linnaeus lò ní 1753, ni wọ́n kó gbogbo wọn sí tẹ́lẹ̀. Ní 1982 ni àwọn onímọ̀ ewéko, Irwin àti Barneby, pín wọn sí mẹ́ta: Cassia, Senna àti Chamaecrista. Inú Senna ni àwọn tí mo dárúkọ wà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Chamaecrista nìkan ló ń so kókó lẹ́gbòó.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin elewé-ọmọ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: ewé nìkan kò tó láti fi dá wọn mọ̀. Bí ẹ bá ń mú wọn bọ̀ wá sọ́dọ̀ àwa ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gé ẹ̀ka tó ní òdòdó àti èso lára, kí a lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ti tọ́jú sí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn.