Ẹ̀KỌ́ SẸ́Ẹ̀LÌ ÀTI ÌWÁDÌÍ ÌGBÉYÀWÓ



Àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé girama Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ń kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni ẹyọ tín-ín-tín tí a fi mọ gbogbo ohun abẹ̀mí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá délé, ọ̀pọ̀ wọn kò rí bí wọn yóò ti sọ ọ́ fún ìyá wọn. Àdánù ńlá ni èyí.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa rí roboto, a sì máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS a máa tẹ̀ bí dòjé, a dí iṣan, a mú ìrora wá; kì í sì í sábà lò ju 20 ọjọ́ lọ. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti di SS.

Àwọn baba wa kì í fi ọmọ fọ́kọ láìwádìí ìdílé. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọ inú ìwádìí náà, kí ìfẹ́ tó wọra.

Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn olùkọ́ máa fi Yorùbá ṣe àlàyé sẹ́ẹ̀lì níwájú àwọn òbí ní ìpàdé ilé-ìwé. Òbí tí ó bá gbọ́ ọ ní àgbọ́yé ni yóò lè ṣọ́ àtọmọdọ́mọ rẹ̀.