Ta Ló Wo Ojú Ológbò Sàn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Ìkòrò-Èkìtì

Inú ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò la wà yìí, 18 sí 24 oṣù Kọkànlá. Mo gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ojú ológbò ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in. Ẹni tí eku ti jẹ àgbàdo rẹ̀ run nínú àká rí, tàbí tó mọ ohun tí ibà Lassa ń fojú èèyàn rí, mọ iṣẹ́ tí ológbò ń ṣe nílé.

Ìtumọ̀

N kò ní pẹ́ níbí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bakitéríà jẹ́ kòkòrò tí ojú lásán kò rí. Oògùn apakòkòrò lè pa á. Fáírọ́ọ̀sì tún kéré sí i. Oògùn yẹn kò ràn án rárá. Bí oògùn tó ń pa bakitéríà kan tẹ́lẹ̀ kò bá ràn án mọ́, ó ti borí oògùn nìyẹn. Ní ti ojú ológbò, fáírọ́ọ̀sì herpes tirẹ̀ ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Nínú àwọn bakitéríà, Chlamydia felis àti Mycoplasma ni ẹ kọ́kọ́ mọ̀; Staphylococcus àti Streptococcus máa ń wọlé tẹ̀lé wọn. Ó tó.

Ọdún àpólò

Ẹ gbà mí láyè kí n padà sí 1969. Lọ́dún náà, àrùn ojú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, ó tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Oṣù Keje ọdún kan náà ni ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ni àwọn èèyàn bá so àrùn náà mọ́ ọn. Bí a ṣe ń pè é ní àpólò títí dòní nìyẹn.

Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Ojú wa pọ́n kankan, ìpẹ́npẹ́jú ń lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀ débi pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń ṣí i. Omi ọmú ni wọ́n kán sí tèmi. Omi ṣúgà ni wọ́n kán sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Ní ilé kejì, kápúsù tetracycline, oní-pupa-àti-yẹ́lò yẹn, ni wọ́n tú, tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ mọ́ omi. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ojú gbogbo wa dá. Ìyá mi yin omi ọmú títí ọlọ́jọ́ fi dé, ará ilé kejì yin kápúsù. Bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì ló fa àpólò! Enterovirus 70 lorúkọ rẹ̀, ara fúnra rẹ̀ ló sì ń lé e lọ. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn: ara ṣiṣẹ́, oògùn gba ìyìn.

Ohun tí a ń ṣe fún ológbò lónìí kò yàtọ̀. Ojú pọ́n, a tú kápúsù. Fáírọ́ọ̀sì rọlẹ̀, a ní oògùn dára. Ṣùgbọ́n herpes kì í kúrò lára. Inú iṣan ìmọ̀lára ló ń sá pamọ́ sí. Bí ìnira bá ti bá ẹran náà, ó lè tún yọjú, àwa náà á tún tú kápúsù mìíràn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bakitéríà tó wà ní imú, ọ̀fun àti ìfun ológbò ń pàdé oògùn. Èyí tí kò lágbára á kú, èyí tó le á bímọ, á sì tún fún àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ní àbùdá tó fi le.

Ìjà àtijọ́

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan wà tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Wọ́n ní oògùn ìkánsójú máa ń pọ̀ lójú débi pé kò sí kòkòrò tó lè dúró dè é, nítorí náà kí n yé dẹ́rù ba ará ìlú. Mo bi wọ́n pé: níbo ni oògùn náà ń gbà lọ? Ihò kan wà ní igun ojú tó já sí imú. Ẹ kán oògùn tán, kò pẹ́ tó fi dé imú àti ọ̀fun. Ológbò á fi ọwọ́ nu ojú, á sì lá ọwọ́ náà. Oògùn tó pọ̀ lójú ti di ṣákálá lọ́fun, ìwọ̀n tí kì í pa kòkòrò, tó kàn ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jà. Alexander Fleming, tó ṣàwárí penicillin ní 1928, kìlọ̀ nípa irú ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ní 1945. Ẹ ní kí wọ́n wá dá Fleming lóhùn.

Ẹ̀yin olùsìn adìẹ, ẹ má bínú, ó kàn yín. Oògùn apakòkòrò enrofloxacin tí ẹ rà fún adìẹ lẹ ń bù sẹ́nu ológbò. Bí ó bá ti kọjá mílígíráàmù 5 fún kílò kan lóòjọ́, ó lè ba awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú jẹ́, kí ológbò sì fọ́ lójú. Oògùn tí ẹ ní ẹ fi ń wo ojú! Ẹ̀yin tó ń kán oògùn ojú tó ní dexamethasone ńkọ́? Bí egbò bá wà lójú, ó lè mú kí ó jinlẹ̀ sí i.

Àyẹ̀wò

Dókítà ẹranko á kán aró fluorescein sójú, á fi omi ṣàn án, á tan iná búlúù sí i; ibi tí egbò bá wà á máa dán bí ewé tútù. Láti mọ oògùn tó ràn kòkòrò ojú náà, á fi òwú gbọn ipin, á tẹ́ ẹ sínú àwo, á to bébà róbótó tí wọ́n rẹ sínú oògùn lé e. Lọ́jọ́ kejì, àyíká bébà tí oògùn rẹ̀ ṣì lágbára á mọ́ féfé. Èyí tí kòkòrò bá hù dé etí rẹ̀, ẹ má náwó lé e.

Ohun tó kù

Alága ti ń wo aago. Bí ó bá jẹ́ Chlamydia, dókítà sábà máa ń fún ológbò ní oògùn doxycycline fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fi omi tàbí oúnjẹ tẹ̀lé e, kí ó má bàa há sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ojú ti mọ́.

Ní ti èèyàn, ìwádìí fi hàn pé ní 2019 nìkan, bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa bí èèyàn mílíọ̀nù 1.27 káàkiri ayé. Dókítà èèyàn ń dá dókítà ẹranko lẹ́bi, dókítà ẹranko náà ń dá a padà. Ètò tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 2017 lórí kòkòrò tó borí oògùn kó àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹlẹ́kẹ́mísì: kí wọ́n yé ta kápúsù fún ojú tí ẹnikẹ́ni kò tí ì wò.