Adìẹ Wa tí Lúkúlúkú Mú

Mi ò ní kọ nǹkan kan sójú pátákó lónìí. Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

A ní àgbébọ̀ adìẹ kan nílé. Ìyálọ́jà ni ìyàwó mi sọ ọ́, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò yí gbogbo ìsọ̀ ká, yóò wo ohun tí oníkálukú ń tà. Bí ìyàwó mi bá jókòó sídìí ọlọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò dúró sí. Láti ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹ àgbàdo. Bí ọdún ti wù kó dé, a kì í rò ó pé ká pa á jẹ.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, mo ra àkùkọ kan lọ́jà. Owó rẹ̀ kò wọ́n rárá; ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Mo délé, mo tú u sáàárín àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó yẹ kí àlejò adìẹ dá wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ná. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kú. Ní ọjọ́ keje, Ìyálọ́jà kò jáde nílé adìẹ.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kí adìẹ tó fi àìsàn hàn yín, ó ti pẹ́ lára rẹ̀. Ó ká jọ sí igun ilé, ó dijú, apá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó ń la ẹnu mí. Ìgbẹ́ rẹ̀ dàbí omi ẹ̀fọ́.

Lúkúlúkú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ mọ̀ ọ́n. Òyìnbó ń pè é ní Newcastle, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1952 sí 1953 ni àwọn dókítà ẹran kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn.

Ẹnìkan ní kí n fún un ní ewúro. Ẹlòmíràn ní ata àti epo. Ọ̀kan tilẹ̀ mú kápúsù tí òun fúnra rẹ̀ lò kù wá. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn. Ó ní kò sí oògùn tó ń wo lúkúlúkú bó bá ti mú adìẹ tán. Òmíràn a máa yè é, àmọ́ kì í ṣe kápúsù ló wò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi ní, "Bàbá Dáre, ọ̀la lọjà. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ nígbà tó ṣì lè dúró, kí owó rẹ̀ má baà ṣòfò." Kò wo ojú mi bó ti ń sọ ọ́. Ẹ má bú u o. Owó rẹ̀ ló fi ń bọ́ wọn.

Mo ní, "Ìyá Dáre, bóyá báyìí náà ni ẹni tó ta àkùkọ fún mi ṣe wí nílé tirẹ̀."

Ó dákẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sùn.

A fi agbọ̀n bò ó lẹ́yìn ilé, lábẹ́ ìbòòji, jìnnà sí àwọn yòókù. A gbé omi àti ẹ̀kọ rírọ̀ sí i lẹ́nu. Àwọn tí ara wọn le ni mo ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, kí n tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, torí pé ọwọ́ àti bàtà ènìyàn a máa gbé àrùn yìí kiri. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, ma fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àwọn ọmọ ń bèèrè. Mi ò purọ́ fún wọn. Mo ní ó ṣeé ṣe kó kú.

Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn rẹ̀ lọ́, ó ń wo òkè. Ní ọjọ́ kẹrin, omi kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ lọ pọn omi, mo sì fi ọwọ́ ara mi fòpin sí ìyà náà. Ìyá Dáre ya ìró rẹ̀ àtijọ́, ó fi wé e. A gbẹ́ ihò tó jìn, tí ajá kò lè hú. A sun agbọ̀n náà.

A kò jẹ ẹ́, a kò sì da ìyẹ́ kankan sórí ààtàn. Ní ọdún 2006, àrùn adìẹ mìíràn wọ Nàìjíríà, èyí tó lè ran ènìyàn. Bí ẹ bá kàn fi ojú wò ó, ó jọ lúkúlúkú. Bí adìẹ yín bá ń kú léraléra, ẹ má dúńbú wọn. Ẹ ké sí òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn.

Adìẹ mọ́kànlá la ní. Mẹ́ta ló kù.

Ohun tó dùn mí jù ni ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Mo ti kà á kí ọyẹ́ tó dé. Mo kà á dáadáa, èmi ọ̀gá ilé ìwé; mo tilẹ̀ rí àṣìkọ kan níbẹ̀. Mo sì kọjá lọ. Ó ní oògùn àjẹsára lúkúlúkú wà, pé wọ́n ń ṣe é ní Vom lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì: ẹ̀kán kan sí ojú adìẹ tí ara rẹ̀ dá, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Igò kan pọ̀ jù fún agbo ilé kan, kò sì ṣeé fi pamọ́ bí wọ́n bá ti pò ó. Ìdí nìyí tí mo fi wá bá gbogbo yín.

Òṣìṣẹ́ náà ń bọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nínú kúlà ni yóò gbé e wá. Bébà kan wà lórí tábìlì yìí. Kí oníkálukú kọ orúkọ rẹ̀ àti iye adìẹ rẹ̀ síbẹ̀ kó tó lọ. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Ẹ má sì ṣí ilé adìẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà o. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ẹni tó ń lé adìẹ kiri àdúgbò.