Nígbà Tí Omi Bá Kó Ilé Lọ, Kí Ni Ti Ìgbàgbọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé sọ ní gbọ̀ngàn ìjọ, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, láti ẹnu alákòóso ètò ìrànwọ́ dáyósíìsì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, ẹ kú ìrọ́jú o. A mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ “ẹ kú ìrọ́jú” títí ó ti sú yín, ṣùgbọ́n a kò rí ìkíni mìíràn tó yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ pọn ọmọ, ẹ má dìde nítorí wa. Bí ọmọ bá sì ń sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún, òun náà ní ohun tó ń sọ.

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè di ìgbàgbọ́ wa mú nínú ìṣòro. Àwa kì í ṣe àlùfáà. Iṣẹ́ tiwa ni kí a ka ìdílé, kí a pín ìrẹsì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí a rí i pé ilé ìyàgbẹ́ tó, kí a sì jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ọjọ́ orí wa kò tó ti ọ̀pọ̀ nínú yín. Àwọn kan wà níbí tó jẹ́ pé àwọn ló kọ́ wa ní katikísìmù. Nítorí náà, ìwàásù kọ́ la fẹ́ ṣe. Ohun tí a ti rí tí a sì ti gbọ́ láàárín yín láti ìgbà tí omi ti dé, òun la fẹ́ sọ, ká wá fi Ìwé Mímọ́ wò ó.

Ní ọjọ́ kejì tí ẹ dé ibùdó yìí, bàbá kan bi wá ní ìbéèrè nígbà tí a ń kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe fún Ọlọ́run?” Ó ní ìdámẹ́wàá òun kò yẹ̀ rí. Ó ní aládùúgbò òun kan wà tí kì í dé ilé ìjọsìn rárá, omi kò sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A kò rí èsì fún bàbá lọ́jọ́ náà. A bi í pé ènìyàn mélòó ni wọ́n nínú ilé, a kọ ọ́, a sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, a ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì kúrò lọ́kàn wa.

Èsì tó yẹ kí a ti fún bàbá rèé. Nínú Lúùkù orí 13, wọ́n wá sọ fún Olúwa wa nípa àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa níbi tí wọ́n ti ń rúbọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fi ti ilé ìṣọ́ Sílóámù kún un, èyí tó wó pa ènìyàn 18. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé àwọn 18 yẹn jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ, ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Lóòótọ́, ó pè wọ́n sí ìrònúpìwàdà, a kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àwọn òkú ṣe àríyànjiyàn, ni ó pè. Nínú Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn tún bi í nípa ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi.

Omi tó dé bá wa ní ọ̀nà tó gbà wá. Odò Ògùn ń ṣàn láti apá òkè ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó ń lọ sí ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ìsédò sì wà lórí odò náà láti ọdún 1983. Bí òjò bá pọ̀ tí ìsédò kún, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀ kí ìsédò má baà ya. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò, láti Ìṣẹrì títí dé Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, mọ ohun tí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá lè mú wá. Ẹ wá fi gọ́tà tí ọ̀rá dí kún un, àti ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi. Ní Ìbàdàn, Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi tún ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Omi yẹn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìjọ tó ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ bínú nítorí gọ́tà, tàbí nítorí ìkìlọ̀ tí kò tètè dé etí yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí Jésù kò dá yín, ẹ má fi da ara yín.

Ìyá kan wà láàárín wa tó gbà pé ká sọ ọ̀rọ̀ òun láìdárúkọ. Ọkọ rẹ̀ padà wọlé láti mú àpò ìwé wọn, omi sì gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí kò lè gbàdúrà. Ó máa ń wá sí àdúrà òwúrọ̀, á jókòó sẹ́yìn, kò ní kọrin, kò ní ṣe àmín. Àwọn kan nínú wa ń tù ú nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọkàn rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ó wò wá lójú, ó ní, “Agbè tèmi fọ́.”

Ẹ jọ̀ọ́, a bẹ gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ yẹn wà fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá omi lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé ẹkún rẹ̀ jẹ́ àìnígbàgbọ́. Ẹkún àti àròyé kún inú ìwé Orin Dáfídì. Nínú Orin 69, ẹni tí omi ti fẹ́ bò mọ́lẹ̀ ló ń ké sí Ọlọ́run. Orin 88 tilẹ̀ parí sínú òkùnkùn, kò sí ọpẹ́ kankan ní ìparí rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Jóòbù sọ̀rọ̀ líle sí Ọlọ́run. Ẹ lọ ka orí 42: àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn gan-an ni Ọlọ́run bínú sí. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run jà ṣì ń bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí a ṣe fún ìyá náà kò ju kékeré lọ. A bẹ ìyá méjì nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pé kí wọ́n máa jókòó tì í, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọn kò bi í ní nǹkan kan. Bí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbà á fún un. Nínú Máàkù orí 2, ènìyàn mẹ́rin ló gbé ọkùnrin tí ara rẹ̀ rọ wá sọ́dọ̀ Jésù, wọ́n dá òrùlé lu nítorí èrò. Ibẹ̀ sọ pé ìgbàgbọ́ tiwọn ni Jésù rí. Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ ni, kò sọ ohunkóhun. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn ni yóò gbé wa, ọ̀la yóò sì kan àwa láti gbé e. Ìyá náà kò tíì máa ṣe àmín. Ó ṣì ń wá.

A ní láti sọ àṣìṣe tiwa náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbàrà tí àdúrà òwúrọ̀ bá parí la máa ń pín oúnjẹ, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Ó rọ̀ wá lọ́rùn, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti wà níkàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé Mùsùlùmí dúró síta, wọ́n ń wojú ara wọn. Àwọn Kristẹni kan sì ń wá nítorí ìrẹsì, ojú sì ń tì wọ́n. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ti sọ àdúrà di tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ.” Ó dùn wá, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, aago 6 òwúrọ̀ ni àdúrà, aago 10 ni pípín oúnjẹ, níta lábẹ́ igi, pẹ̀lú káàdì ìdílé nìkan. Iye àwọn tó ń wá sí àdúrà dín kù. Kò dùn wá. Àwọn tó wá ti mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa bá tún bi yín ní ìjọ tí ẹ ń lọ kó tó fún yín ní ohun tó tọ́ sí yín, ẹ wá sọ fún wa.

Bákan náà, àwọn kan ti ń wọ ibùdó yìí lálẹ́, tí wọ́n ń ta omi àti òróró, tí wọ́n ní àwọn lè dá ẹ̀mí omi dúró lẹ́yìn ìdílé. Owó tí a fún yín láti fi ra páànù àti ìkòkò ni wọ́n ń wá. A kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà fún yín, kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ará ilé wa kan tí ogun lé kúrò nílé. Ní ọdún 1821, wọ́n kó ìlú Òṣoògùn. Ọmọdékùnrin kan wà nínú àwọn tí wọ́n kó, Àjàyí lorúkọ rẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, èyí tó jẹ ní ọdún 1864. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni àárín ọdún 1821 sí 1846. Ọdún 25 ni kò fi mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè. Abẹ́òkúta, ní etí odò Ògùn yìí kan náà, ni wọ́n ti tún fojú kanra. A kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè rò pé gbogbo ohun tó lọ ni yóò padà. Òṣoògùn tí Àjàyí mọ̀ kò padà fún un bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún tí kò mọ̀ yẹn, ó ń kàwé, ó ń kọ́ iṣẹ́, ó gbéyàwó, ó ń bí ọmọ. Kò dúró kó mọ òpin ọ̀rọ̀ kó tó gbé ìgbésẹ̀ tó kàn.

Pọ́ọ̀lù náà rí irú rẹ̀ lójú omi. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 ni. Ènìyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀, ìjì gbé wọn fún ọjọ́ 14, wọn kò lè jẹun. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe ni pé ó rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun. Ó mú búrẹ́dì, ó dúpẹ́ lójú gbogbo wọn, ó bù ú, ó sì jẹ. Ọkọ̀ náà fọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn kan lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan di pákó mú, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù Málítà tí òtútù mú wọn, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń ṣa igi ìdáná. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè jẹun láti ọjọ́ yìí wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ jókòó sójú kan láti àárọ̀ nítorí pé ọwọ́ yín dilẹ̀, ìdí ẹ̀rọ omi ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tò èrò, ilé ìdáná sì ń fẹ́ ẹni tí yóò la igi.

Nípa àdúrà nínú ìdílé, ẹ jẹ́ kó kúrú. Nínú yàrá tí ìdílé mẹ́rin ń gbé, kò sí ẹni tó lè ṣe ìsìn gígùn. Àdúrà Olúwa pẹ̀lú àwọn ọmọ kí wọ́n tó sùn, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ó tó. Ọmọ tí ilé rẹ̀ ti lọ nílò ohun kan tí kì í yẹ̀.

Bíbélì tó bá omi, ẹ má sá a sínú oòrùn, ẹ má sì gbé e sẹ́bàá iná. Ẹ gbé e dúró ní ṣíṣí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní ibòji, kí ẹ fi bébà gbígbẹ sáàárín àwọn ojú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí iwájú Bíbélì. Ẹ gbé e wá kí yíǹkì tó parẹ́. A ó bá yín dà á kọ, nítorí yóò wúlò fún yín nígbà tí ẹ bá ń wá ìwé ìbí mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àtipadà sílé ló kù. Àwọn kan ti sọ fún wa pé àwọn kò ní dúró de ẹni tó ń yẹ ilé wò, pé Ọlọ́run yóò ṣọ́ àwọn. Àwọn kan sì ti ń sọ pé bí wọ́n bá kìlọ̀ omi lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn kò ní jáde. Ẹ rántí Nóà. Ọlọ́run kìlọ̀ fún un, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ni pé ó gbé àáké. Lọ́dọọdún ni NiMet máa ń kéde bí òjò yóò ṣe rí, tí NIHSA sì ń kéde àwọn ibi tí omi lè yalé. A ó máa lẹ ìkéde wọn mọ́ ara pátákó ìjọ. Ògiri tó ya, ẹ má sùn sábẹ́ rẹ̀. Kànga tí omíyalé wọ̀, ẹ má mu ún kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì da kiloríìnì sí i. Bí iná mànàmáná bá wà nínú ilé tó rì, ẹ má fọwọ́ kàn án kí oníṣẹ́ iná tó dé.

Àwọn tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, a wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ lọ́jọ́ Ẹtì láti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ fún àwọn ìyá tí kò bá fẹ́ bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn yóò ṣí láago 6 lọ́la bí ó ti ń ṣe. Ẹni tí kò bá lè gbàdúrà, kó wá jókòó, àyè wà lẹ́yìn.