Kọ̀ǹpútà tí Ojú Rẹ̀ Ṣókùnkùn

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó ti kú ni kò kú rárá. Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ti ṣe àkójọ èsì ìdánwò kíláàsì mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwòrán ojú ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹnì kan gbà á níyànjú pé kí ó wá dírẹ́bà tuntun fún káàdì àwòrán tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ó wá a, ó rí i, ó fi í sí i, ẹ̀rọ sì ní kí ó pa òun kí ó tún tan òun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà yọ, àwọn èékán iná kéékèèké ń yí po fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ pòórá. Fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́, iná ara rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin.

Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó gbọ́. Olùkọ́ náà yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún yóò wò ó, yóò mi orí, yóò sì ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí òun fọ́máàtì rẹ̀ lọ. Fọ́máàtì tí ó wí yìí, pípa gbogbo ohun tí ó wà nínú dísíìkì rẹ́ ni, kí ó tó fi Windows mìíràn sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà yóò tàn, ojú rẹ̀ yóò mọ́ kedere, èsì ìdánwò kíláàsì mẹ́ta yóò sì ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò dé ibi tí èsì wà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ni kò gbọ́ èdè, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ wó gbogbo ilé palẹ̀.

Orúkọ ẹni náà, dírẹ́bà, ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ohun kan ni ó ń wa ohun kan kiri bí ẹni ń wa ọkọ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an kò jọ ti awakọ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni. Windows ní èdè tirẹ̀. Káàdì àwòrán, èyí tí í ṣe ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí ń ya gbogbo ohun tí a ń rí lójú rẹ̀, ní èdè tirẹ̀ pẹ̀lú, èdè yìí sì yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, kódà láti ọ̀dọ̀ káàdì àtijọ́ sí ti tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà. Intel, AMD àti NVIDIA ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Bí Windows bá fẹ́ fa ìlà pupa kan, ògbufọ̀ ni yóò bá sọ ọ́, ògbufọ̀ ni yóò sì sọ ọ́ fún káàdì ní èdè tí ó yé e. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí ní kóòtù níbi tí adájọ́ kò ti gbọ́ èdè olùpẹ̀jọ́ yóò mọ bí agbára ògbufọ̀ ti pọ̀ tó. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ẹjọ́ wọ́. Bí ó bá yadi, ẹjọ́ dúró pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni adájọ́ wà láàyè, olùpẹ̀jọ́ náà wà láàyè.

Windows kì í ṣe aláìní ògbufọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọ̀kan tí wọ́n dá mọ́ ọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Microsoft Basic Display Adapter. Ìwọ̀nba èdè díẹ̀ tí gbogbo káàdì gbọ́ ni òun mọ̀. Kò lè ya àwòrán tí ń sáré, kò sì mọ ẹwà, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbára lé, òun ni yóò sì gba ẹ̀rọ là níkẹyìn.

Bí a bá wò ó fínnífínní, jíjí kọ̀ǹpútà ní ètò. Kì í ṣe ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá ti wọ inú rẹ̀, ètò kékeré kan tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ọn nínú láti ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní BIOS lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó sì ń jẹ́ UEFI lára ti òde-òní, yóò yẹ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ wò. Òun ni ó ń gbé àmì ilé-iṣẹ́ jáde. Lẹ́yìn èyí ni yóò pe Windows láti inú dísíìkì. Windows yóò wá kó àwọn ògbufọ̀ rẹ̀ jọ, ti dísíìkì, ti bọ́tìnnì, ti ohùn, ti àwòrán, kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún onílé. Nítorí náà, ibi tí òkùnkùn ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ. Bí àmì ilé-iṣẹ́ bá yọ, tí ojú ẹ̀rọ wá ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀, a jẹ́ pé káàdì ń ṣiṣẹ́, wáyà ń ṣiṣẹ́, ojú ẹ̀rọ kò sì fọ́, nítorí àwọn ni wọ́n pawọ́pọ̀ fi àmì yẹn hàn. Ògbufọ̀ ni kí a kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àmì kankan kò yọ, tí ẹ̀rọ sì ń ké pí-pí-pí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ lọ ògbufọ̀. Kò tíì dé ibi iṣẹ́. Ó lè jẹ́ RAM, èyí tí í ṣe ìrántí ẹ̀rọ, ni ó yẹ̀ ní àyè rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ohun tí kò tó nǹkan. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi káàdì tuntun sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè gbàgbé láti yọ wáyà ojú ẹ̀rọ kúrò nínú ihò àtijọ́ kí ó fi í bọ ihò tí ó wà lára káàdì tuntun. Ojú ẹ̀rọ yóò wá máa tẹ́tí níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìdánwò kékeré kan wà tí kò gba àkókò. Kí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì tí a kọ Caps Lock sí, kí ó sì wo iná kékeré tí ó jẹ́ tirẹ̀, bí ẹ̀rọ náà bá ní in. Bí iná yìí bá ń tàn tí ó sì ń kú bí a ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ wà láàyè, ó ń gbọ́ràn. Ojú nìkan ni kò lè fi sọ̀rọ̀. Nígbà náà, kí ó tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣẹ ni èyí fún Windows 10 àti 11 pé kí ó mú ògbufọ̀ àwòrán jókòó, kí ó sì tún gbé e dìde. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ yóò dún lẹ́ẹ̀kan, ojú yóò sì mọ́.

Ẹni tí ó bá ronú yóò bèèrè ìdí tí ògbufọ̀ kan ṣoṣo fi lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ilé. Ìtàn ni ó ní ìdáhùn. Ní ọdún 1996, nígbà tí Microsoft gbé Windows NT 4.0 jáde, wọ́n mú ògbufọ̀ àwòrán kúrò ní gbàgede, wọ́n mú un wọ yàrá ọba lọ, kí iṣẹ́ rẹ̀ lè yá. Iṣẹ́ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé nínú yàrá ọba, bí ó bá kọsẹ̀, ọba ni yóò ṣubú lù. Àṣìṣe tí ìbá mọ sára àwòrán nìkan wá ń gbé gbogbo ẹ̀rọ ṣubú, ojú ẹ̀rọ a sì di búlúù pẹ̀lú àkọlé funfun. Nígbà tí Windows Vista dé ọjà ní oṣù kìíní ọdún 2007, wọ́n yí ètò náà padà. Wọ́n dá ògbufọ̀ sí méjì, wọ́n dá apá tí ó pọ̀ padà sí gbàgede, wọ́n sì yan olùṣọ́ tì í: bí káàdì kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, Windows yóò gbìyànjú láti tún un gbé dìde láìpa ẹ̀rọ. Ètò tí ó mọ́gbọ́n wá ni, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ ògbufọ̀ ọ̀tun, ojú àwọn tí ó ra Vista sì rí nǹkan ní ọdún náà. Ìwé Microsoft fúnra rẹ̀, tí ó di mímọ̀ nínú ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008, fi hàn pé nínú 100 ìgbà tí Vista dákú láàárín àkókò kan ní ọdún 2007, ó lé ní 28 tí wọ́n kà sí ògbufọ̀ NVIDIA lọ́rùn. Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ òkò lu ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ọjà rẹ̀ pọ̀ níta ni àṣìṣe rẹ̀ ń hàn jù.

Bí àwọn bọ́tìnnì mẹ́rin ìṣáájú kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó kù, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Safe Mode. Ní ipò yìí Windows kì í pe ògbufọ̀ àwòrán tí ó jẹ́ àlejò. Èyí tí wọ́n dá mọ́ ọn ni ó ń lò. Lára Windows 7 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, bọ́tìnnì F8 ni a ń tẹ̀ kí àmì Windows tó yọ. Láti ìgbà Windows 8, ní ọdún 2012, ẹ̀rọ ti ń yára jí ju kí ọwọ́ bá a lọ, F8 kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ àyàfi bí a bá ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń ṣe nísinsìnyí dà bí ìwà ìkà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí àmì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, a ó tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi kú. A ó tún tàn án, a ó tún pa á bákan náà. Ní ìgbà kẹta a ó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Windows yóò ti fura pé nǹkan ń ṣe òun, yóò sì gbé ojú-ewé àtúnṣe jáde. Troubleshoot ni a ó yàn níbẹ̀, lẹ́yìn náà Advanced options, lẹ́yìn náà Startup Settings, kí a tó tẹ Restart. Bí ìlà àwọn nọ́ńbà bá jáde, 4 ni ti Safe Mode.

Ewu méjì wà lójú ọ̀nà yìí. Èkíní ni BitLocker, àgádágodo tí ó ń ti dísíìkì àwọn ẹ̀rọ kan pa. Ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48, ẹni tí kò bá sì ní in kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ẹ̀rọ àwọn ní àgádágodo yìí títí di ọjọ́ tí ó béèrè. Inú àkántì Microsoft onílé ni kọ́kọ́rọ́ náà sábà máa ń wà. Èkejì ni ìlà kan ní ojú-ewé kan náà tí ó ń jẹ́ Reset this PC. Orúkọ rẹ̀ dùn létí, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Bí a bá yan Remove everything nínú rẹ̀, fọ́máàtì tí à ń sá fún náà nìyẹn. Keep my files yóò dá fáìlì sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò kó àwọn ètò tí onílé ti fi síbẹ̀ dànù. Àìsàn ògbufọ̀ kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dé ibẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ti tẹ Safe Mode, ìyókù kò le. Nínú Device Manager, lábẹ́ Display adapters, a ó rí orúkọ káàdì. Bí a bá ṣí i, tí a lọ sí abala Driver, bọ́tìnnì Roll Back Driver yóò dá ògbufọ̀ àná padà sí ipò rẹ̀. Bí bọ́tìnnì náà bá ṣú tí kò ṣeé tẹ̀, kò sí ògbufọ̀ àná nípamọ́ nìyẹn. Kí a yọ èyí tí ó wà níbẹ̀ kúrò, kí a sì fọwọ́ sí i pé kí ẹ̀rọ pa á rẹ́ pẹ̀lú. Kí ó tó di pé a tún ẹ̀rọ tàn, ó dára kí a já a kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, nítorí Windows Update lè lọ fa ògbufọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde wọlé padà láìbéèrè. System Restore náà wà, tí ń dá ètò ẹ̀rọ padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ kan sẹ́yìn láìfọwọ́ kan ìwé ẹnikẹ́ni, bí ó bá ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ni gbogbo ayé lò ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Kì í ṣe ògbufọ̀ àwòrán ni ó dá wàhálà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ètò ààbò ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ni, òun náà ará inú yàrá ọba. Fáìlì kan tí ó ní àbùkù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft fojú bù sí mílíọ̀nù 8.5 sì dákú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jí tí wọ́n ń tún dákú. Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, ilé-ìwòsàn dá iṣẹ́ dúró. Àtúnṣe tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí wọ́n wọ Safe Mode, kí wọ́n pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́, kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ tàn. Ohun tí ó mú un pẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ènìyàn ní láti dé ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lo Linux mọ ìṣòro yìí ju àwọn oní-Windows lọ. Ní ọdún 2012, ní yunifásítì Aalto ní Finland, Linus Torvalds tí ó dá Linux sílẹ̀ sọ̀rọ̀ sí NVIDIA lójú gbogbo àwùjọ lọ́nà tí kò ṣeé tún sọ níwájú àwọn àgbà. Ọ̀nà àbáyọ tiwọn ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan, nomodeset, mọ́ ìlà ìbẹ̀rẹ̀ nínú GRUB, kí ẹ̀rọ lè fi ògbufọ̀ gbẹ̀fẹ́ jí, kí wọ́n tó yọ èyí tí kò gbọ́ èdè.

Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti ń lọ láìdágbére, ohun kan tún wà láti fi kún un: kí batiri kún kí a tó fi ògbufọ̀ tuntun sí ẹ̀rọ, nítorí èyí tí iná bá já mọ́ lẹ́nu ní ìdajì iṣẹ́ lè yadi. Bí Safe Mode pàápàá bá sì kọ̀, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe lè fi Linux sórí fíláàṣì, kí ó jí kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì náà, kí ó sì ṣe ẹ̀dà àwọn ìwé onílé sí ibòmíràn kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Dísíìkì tí BitLocker tì yóò béèrè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà. Èyí tí kò ní àgádágodo yóò ṣí. Èyí ni kí olùkọ́ ọjọ́sí béèrè fún, kí èsì kíláàsì mẹ́ta ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ fọ́máàtì.