Ojúṣe Ìdílé sí Ọmọ tí ó Ń Lọ Gbé Inú Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni ti ìtọ́jú ọmọ tí ó fi ilé òbí sílẹ̀ lọ gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún, àwa ó dáhùn pé ó ní í ṣe púpọ̀. Inú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni a gbé tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìṣáájú ti Ìjọ wa. Ní ọdún 1827 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Sierra Leone. Ní 1859 ni a ṣí Grammar School ní Èkó. Ní 1896 ni St. Andrew's College bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ katikíìsì àti tíṣà tí ó mú ìwé àti Ìhìnrere wọ ìlú wa gbogbo ni ó ti sun orí ẹní ilé-ẹ̀kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí Samuel Ajayi Crowther, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣáájú ní Fourah Bay. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á là lójú òkun. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sí ìyá tí ó lè béèrè rẹ̀, nítorí ọdún 1846 ni ó tó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìjọ àti aya rẹ̀ gbà á sọ́dọ̀, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n sì ṣe é bí ọmọ. Láti inú èyí ni a ti rí i pé kò sí ọmọ tí í gbé láìní ìdílé. Bí èyí tí ó bí i kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò rí òmíràn. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, irú ìdílé wo ni yóò rí?

Àwa kò sọ èyí lásán. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù July, ọdún 1999, àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn wọ inú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. Àwọn tí ó pa wọ́n náà ní òbí. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í fi idà pe ọmọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Oúnjẹ, ọ̀rẹ́, àti ìlérí ààbò ni ó fi í pè é. Ọmọ tí ebi ń pa, tí kò sí ẹni tí ń béèrè rẹ̀, ni ìpè náà yára wọ̀ létí. Nítorí náà, ìtọ́jú ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́kẹ́. Odi ni ó jẹ́.

Báwo ni a ó ṣe mọ odi náà? Ní àkọ́kọ́, kí a mọ ọ́n kí ọmọ tó lọ. Kí ọkùnrin àti obìnrin mọ oúnjẹ sè, kí wọ́n mọ aṣọ fọ̀, kí wọ́n sì mọ bí a ti í fi owó díẹ̀ la oṣù kọjá. Kí òbí bá ọmọ lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó rí yàrá rẹ̀, kí ó sì mọ alábòójútó ilé náà àti ilé ìsìn tí ó wà nítòsí. Bí ààyè kò bá sí nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, tí ó di dandan láti háyà yàrá láàárín ìlú, kí a wádìí onílé àti àwọn alájọgbé kí a tó san owó. Bí ọmọ bá ní àìsàn tí a mọ̀, kí oògùn rẹ̀ bá a lọ, kí ẹnìkan níbẹ̀ sì mọ̀.

Ní èkejì, kí a sọ òtítọ́ nípa owó. Kí a má ṣe fún un ní owó gbogbo sáà lẹ́ẹ̀kan. Oṣooṣù ni ó sàn jù. Bí ọwọ́ kò bá tó, kí ọmọ mọ̀, kí ó má bàa ro pé a kọ òun sílẹ̀. Láti ọdún 2024 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ní owó láìgba èlé. A ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ tààrà, a sì ń fún ẹni tí ó bá tọrọ rẹ̀ ní ₦20,000 lóṣooṣù fún oúnjẹ. Gbèsè ni, kí a fi ọgbọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọmọ lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tí yóò gba ẹ̀mí rẹ̀ dípò èlé. Kí a má sì gàn ohun ilé. Pupuru tí a ti yan gbẹ lórí iná, tí a lọ̀ kúnná, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ láti Igbókòdá, a máa pẹ́ nínú àpò. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó bá sì rò ó ní ìlú àjèjì yóò rántí ẹni tí òun í ṣe.

Ní ẹ̀kẹta, kí a fi etí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó le jù. Bí ọmọ bá ń sunkún lórí fóònù, kí a má ṣe pè é ní ọ̀lẹ, kí a má sì ṣe sáré lọ kó ẹrù rẹ̀ wálé. Kí a gbọ́ ọ títí dé òpin. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìbínú nìkan ni ìròyìn búburú í bá pàdé nílé yóò fi ìròyìn náà pamọ́ títí yóò fi kọjá àtúnṣe. Ìbáwí ní àkókò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn ṣí ná.

Ẹ rántí Hánà. Ó mú Sámúẹ́lì lọ gbé ní Ṣílò, kò sì padà lẹ́yìn rẹ̀ títí láé. Lọ́dọọdún ni ó ń dá aṣọ àwọ̀lékè kékeré fún un. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: ara ọmọ kò sí níwájú rẹ̀ láti wọ̀n. Ó níláti máa fi ọkàn bá ìdàgbàsókè ọmọ náà lọ, kí aṣọ má bàa fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a mọ̀ pé ọmọ tí ó padà wálé ní ìsinmi kì í ṣe èyí tí ó lọ mọ́. Kí ìmọ̀ràn wa máa gbòòrò bí ó ti ń dàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ìjọ. Ní ọdún 2008 ni a dá yunifásítì sílẹ̀ ní Òkìtìpupa níhìn-ín, èyí tí ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Agagu lónìí. Ní ayé àtijọ́ àwa ni a ń rán ọmọ lọ. Nísinsìnyí àwọn ẹlòmíràn ń rán ti wọn sí wa. Àwọn àjèjì tí ń jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn ní ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ ẹnìkan ni wọ́n. A rọ ìjọ kí a máa kọ orúkọ àwọn ọmọ wa tí ń lọ sínú ìwé, kí a máa dárúkọ wọn nínú àdúrà, kí àlùfáà wa sì fi ìwé lé wọn lọ́wọ́ sí ìjọ ibi tí wọ́n ń lọ. A sì rọ ilé kọ̀ọ̀kan tí ó bá lè ṣe é, kí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ kan sí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí a ń fẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn àti Àkúngbá ṣe fún ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún ọmọ wọn.

Kí Ọlọ́run tí ó pa ìjọ yìí mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó pa àwọn ọmọ wa mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀. Àmín.