Páànù Orí Ilé Adìẹ Yín Ń Kó Ooru Jọ



Ní oṣù Kẹta kan, ìyá kan ránṣẹ́ pè mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mọ́kànlá ló kú lọ́sàn-án yìí, bẹ́ẹ̀ wọn ò ṣàìsàn. Owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi ló wà lára wọn." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Mo na ọwọ́ sábẹ́ páànù láìfọwọ́ kàn án, ooru ń jó mi. Kì í ṣe àrùn. Páànù ni.

Irin ni páànù. Síǹkì fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó kó má baà dógùn-ún. Ìbora fẹ́lẹ́ yìí ló ń pinnu bí oòrùn tí páànù ń gbà ṣe pọ̀ tó, àti bí ooru tó ń tú jáde ṣe pọ̀ tó. Ojú ò rí ooru yẹn, ṣùgbọ́n ara ń mọ̀ ọ́n, bí ìgbà téèyàn jókòó ti ẹyin iná.

Síǹkì tuntun ń dán, ó ń dá oòrùn díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ahun ni: ooru tó bá gbà, kì í tètè yọ̀ǹda rẹ̀. Tó bá wá ṣá, tí ìdọ̀tí bò ó, á tún máa gba oòrùn sí i. Irú ìwà ahun yìí ni Harry Tabor ní Ísírẹ́lì lò láàárín ọdún 1950 sí 1959, tó fi ṣe ìbora dúdú fún ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbé omi gbóná. Ó dára fún omi, kò dára fún adìẹ. Ara adìẹ ti gbóná tó 41°C tẹ́lẹ̀, kì í sì í làágùn. Ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ ni.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ fọ páànù, kí ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì kó tó di oṣù Kejì. Funfun ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn padà, ó sì ń tètè tú ooru tó kù jáde. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà tàn yín. Ó ń dán lóòótọ́, kì í tú ooru jáde tó ti funfun. Ẹ máa fọ páànù lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ń gbe omi òjò lórí rẹ̀, kó béèrè ọ̀dà tí kò ní òjé. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà wọlé, kí omi tútù má sì wọ́n.

Ìyá wa ti kun tiwọn. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo tiyín lónìí.